Sókàwéè Aládùúgbò Wà Nínú Kànga Rẹ

Ọmọ mi, o ti gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ omi àdúgbò fún ọ, bóyá ní ìhà Ìkòròdú, bóyá ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Mo bá ọ yọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ náà kí n tó jókòó sílé. Mo gbẹ́ kànga, mo to páìpù, mo kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjà àti iléèwé, mo sì ṣe àṣìṣe tó pọ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. N kò tò ó bí ìwé iléèwé ṣe ń tò ó. Bó ṣe ń dùn mí tó ni mo ṣe tò ó.

1. Wo ẹ̀yìn ògiri kí o tó gbẹ́lẹ̀.

Onílé kan ní Ìkòròdú ló pè wá nígbà kan pé ká wá gbẹ́ bọ́hóòlù fún òun. A yí ọgbà rẹ̀ ká. Sókàwéè rẹ̀ wà níwájú ilé lẹ́bàá géètì, a sì fi bọ́hóòlù sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n jìnnà síra wọn dáadáa, ọkàn wa balẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó yọjú wo òdìkejì fẹ́ǹsì. Sókàwéè aládùúgbò ló wà níbẹ̀, kò sì tó mítà mẹ́rin sí ibi tí a ti ń lu ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà mọ́ gaara. Nígbà tí òjò dé, ìyàwó onílé ní omi ń rùn. Mo ní òórùn páìpù tuntun ni. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dá a lóhùn bákan náà, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ wọn obìnrin ti wà ní ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí i lára. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Owó ara mi ni mo fi da kọ́ǹkéré dí kànga náà. Ìyá ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kúrò níbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi èyí ṣíwájú? Nítorí bí àwa níhìn-ín ṣe ń rí omi mu yàtọ̀ sí ti ará Èkó. Láti 1910 ni iléeṣẹ́ omi Ìjù ti ń fa omi odò fún Èkó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 lítà lójúmọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi di mílíọ̀nù 45 gálọ́ọ̀nù. Ti Adíyàn tẹ̀lé e ní 1991 pẹ̀lú mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù. (Ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti ṣe ni mo sọ o, n kò sọ pé òun ló ń jáde lójoojúmọ́.) Páìpù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọjú sí ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba ní àwọn iléeṣẹ́ omi kéékèèké káàkiri, ó sì kọ́ ti Ọ̀tà-Ìkòsì fún mílíọ̀nù mẹ́rin gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ilé ẹni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń mu. Abẹ́ ilé náà ni wọ́n sì ń da ìgbẹ́ sí. Ilẹ̀ kan náà ni iléeṣẹ́ omi wa, òun náà ni gọ́tà wa.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ṣáláńgá tàbí sókàwéè jìnnà sí kànga ní mítà 30, ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Pílọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ọ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Yà á sórí bébà. Ya ilé mẹ́rin tó fara kanra, fún ìkọ̀ọ̀kan ní kànga kan àti sókàwéè kan, kí o wá fi rúlà wá ibi tí mítà 30 yóò ti pé. Yóò ṣòro fún ọ láti rí i. Ti ẹni tó ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ńkọ́? Nítorí náà, bí onílé kan bá ní kí o wá gbẹ́ tòun nìkan, jẹ́ ẹ ní hòo, ṣùgbọ́n lọ bá alága CDA wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, lọ́jọ́ kan náà. Kànga kan tó jìn, tí a gbé sí apá òkè àdúgbò, tí ogójì ilé ń pín omi rẹ̀, sàn ju ogójì kànga tí àwọn onílé fi ń mu ìgbẹ́ ara wọn.

2. Bí o bá ti ka orí tán, ka ìdọ̀tí.

Mú òpópónà kan tó ní ilé 40, kí ènìyàn mẹ́wàá máa gbé ilé kọ̀ọ̀kan. 400 ènìyàn nìyẹn. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lítà 50 lójúmọ́. Kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ, tó ń dáná. Ó di lítà 20,000. Títí dé ibí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí ẹ máa ń gbàgbé ni pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó wọlé ló tún ń jáde: lítà 16,000 lójúmọ́, omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Níbo ló ń lọ?

Kí ẹ̀rọ omi tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru omi, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lò. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé ni wọ́n ra ṣáláńgá aláwo funfun tí ń fi omi ṣan, ìgbà náà ni gọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ àdúgbò kan tí wọ́n fi ìlù àti ìjó ṣí ẹ̀rọ omi. Kí ọdún tó yí po, òórùn ti lé wọn kúrò ní fàráńdà. Nínú ìwé iṣẹ́ tí o bá kọ fún wọn, jẹ́ kí omi tó ń wọlé àti omi tó ń jáde wà lójú ìwé kan náà. Bí wọ́n bá ní owó àwọn kò ká méjèèjì, bá wọn ṣe ìdajì méjèèjì. Má ṣe odidi ọ̀kan kí o fi ìkejì sílẹ̀.

3. Bi onílùú kí o tó bi ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wo abẹ́ ilẹ̀ dára, mo lò ó. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń sá ẹja létí ọ̀sà ní ìhà Báyékù fi ọ̀rọ̀ kan gbà mí lọ́wọ́ òfò owó púpọ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ tọ́ omi kànga wa wò lóṣù kẹta kí ẹ tó náwó." Oṣù kẹsàn-án ni mo ti tọ́ tèmi wò, ó sì dùn. Mo padà lọ lóṣù kẹta bó ṣe wí. Iyọ̀ ni.

Ọ̀sà tó wà níwájú Ìkòròdú ń gba omi òkun wọlé. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti iyọ̀ náà padà; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá rọlẹ̀, iyọ̀ á tún wọlé wá. Ìhà Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Ó jìnnà sí ẹnu òkun, odò Ọ̀ṣun sì ń da omi dídùn sínú ọ̀sà Lẹ́kí tó bá a tan, nítorí náà iyọ̀ kò ká a mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apẹja Ẹ̀pẹ́ lè fi irú ẹja tó kó sínú àwọ̀n rẹ̀ sọ fún ọ bí omi náà ṣe rí lóṣù yẹn. Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní ìyẹn.

Lábẹ́ ilẹ̀ etí ọ̀sà, omi dídùn ló wà lókè, omi iyọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣirò tí a fi ń rántí rẹ̀ ni ọ̀kan sí ogójì: bí o bá fa omi dídùn tí ojú rẹ̀ fi rọlẹ̀ ní mítà kan, omi iyọ̀ lè gòkè wá ní mítà 40. Ìdí nìyí tí bọ́hóòlù etí omi fi lè dùn lọ́dún kìíní, kí ó di ohun tí a ń tu sílẹ̀ lọ́dún kẹta. Níbẹ̀, súmò kékeré tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ sàn ju súmò ńlá tó fẹ́ kún táǹkì ní wákàtí kan.

4. Má fi ojú rẹ ṣe lábù.

Omi inú yanrìn ilẹ̀ wa sábà máa ń kan. Kíkan rẹ̀ ń jẹ páìpù irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Irin tún pọ̀ nínú rẹ̀ níbòmíràn: yóò jáde ní mímọ́ gaara, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ nínú garawa di ọjọ́ kejì, yóò pọ́n bí omi tí a fi ṣan àdá tó dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ ló bá a pàdé. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 2015, kò fẹ́ kí irin kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan, ó sì fẹ́ kí òṣùwọ̀n kíkan, èyí tí a ń pè ní pH, wà láàárín 6.5 sí 8.5. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Jẹ́ kí omi kọjá lórí òkúta ẹfun kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, to páànù oníhò mẹ́ta léra wọn kí ó máa kán láti ọ̀kan sí ìkejì, kí afẹ́fẹ́ lè mú irin náà dì, kí o wá sẹ́ ẹ nínú yanrìn. Bí o bá fo òkúta ẹfun náà, irin náà yóò lọ́ra láti dì, ìwọ yóò sì máa sọ pé páànù kò ṣiṣẹ́.

Àmọ́ gbọ́: irin kì í pa ènìyàn. Aṣọ funfun ló ń pa. Òun ni àwọn onílé máa ń pariwo lé lórí nítorí wọ́n ń rí i. Èyí tó ń pa ènìyàn kò láwọ̀. Ìlànà kan náà kò fẹ́ kí kòkòrò tó wá láti inú ìgbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli, wà nínú mílílítà 100 omi, kódà ẹyọ kan. Ní oṣù kẹfà 2024 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde àrùn onígbáméjì, Ìkòròdú wà lára àwọn ibi tí wọ́n dárúkọ, pẹ̀lú Kosọ́fẹ́, Etí-Ọ̀sà àti Erékùṣù Èkó. Kì í ṣe aṣọ funfun ló mú ariwo yẹn wá.

Gbé omi lọ sí lábù tó dájú. Má gbé e lọ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Gbé e lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ń ti ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Láàárín ìgbà tí o bá ń lọ sí lábù, ìgò kékeré kan wà tí wọ́n ti fi oògùn sí nínú. Bu omi sí i, gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ó bá dúdú, fi ọkàn sí i pé ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Mo máa ń fún ìyá tó ń ta omi lẹ́nu ẹ̀rọ ní ìgò náà kó máa ṣe é fúnra rẹ̀. Òun ló ń jẹ nínú omi náà, kò ní gbàgbé. Bí o bá sì fi kiloríìnì sí i, má ṣe wọ̀n ọ́n lẹ́nu táǹkì. Ẹ̀rọ tó jìnnà jù lọ ni kí o lọ wọ̀n ọ́n, ní ilé ìkẹyìn.

5. Táǹkì 10,000 lítà tó kún fún omi jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Igba àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn, lórí ẹsẹ̀ irin, lókè orí ọmọ tó wá pọnmi. Rántí rẹ̀ nígbà tí wẹ́dà bá ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yóò gbé e.

6. Odò ní ọ̀nà tirẹ̀, wá a mọ̀.

Wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán ní 1983, lókè lọ́hùn-ún ní ìhà Abẹ́òkúta. Omi mímu Abẹ́òkúta àti Èkó wà lára ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bí òjò bá kún un, wọn yóò tú omi sílẹ̀, odò Ògùn yóò sì gbé e wá bá Ìṣẹrì, Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, àti Májídun. Ní 2010, omi náà lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kúrò nílé, ìjọba sì kó àwọn kan lọ sí àgọ́ ní Agbọ̀wà. Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí omi fà ni mo fẹ́ sọ fún ọ: àwọn kànga tí ẹnu wọn kò ga ju ilẹ̀ lọ ti di ibi tí ìgbẹ́ gbogbo àdúgbò sá sí. Àwọn onílé sì ti ń pọn ọ́n kí ẹrẹ̀ tó gbẹ lára ògiri.

Lápá ibẹ̀, béèrè ibi tí omi gùn dé ní ọdún tó burú jù. Wọn yóò fi ọwọ́ hàn ọ́ lára ògiri. Gbé ẹnu páìpù kànga ga ju ibẹ̀ lọ, da sìmẹ́ńtì yí i ká láti òkè wọlẹ̀ ní mítà mélòó kan, kí omi ojú ilẹ̀ má baà gba ẹ̀gbẹ́ páìpù sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ni àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ máa ń fò nítorí kò sẹ́ni tó ń rí i. Dúró tì wọ́n títí wọ́n ó fi ṣe é tán. Bí o bá jókòó sínú mọ́tò, wọn kò ní ṣe é.

7. Ìgbẹ́ kò parí sínú ihò.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agbépòó ló ń wá lóru. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwa ọmọ ń sá fún un, ṣùgbọ́n ìlú mọ̀ pé ohun tí a ṣu gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbé e àti ibi tí yóò gbé e lọ. Ìgbà tí sókàwéè dé ni a gbàgbé. A rò pé ilẹ̀ ti gbé e mì.

Táǹkì ìgbẹ́ ní ìpele mẹ́ta: ìfófòó lókè, omi láàárín, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Omi àárín nìkan ló yẹ kó kọjá sí sókàwéè. Àwọn kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ ìgbẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ni òṣìṣẹ́ tí o kò san owó oṣù fún. Ìyá ilé á wá da Ízàl apakòkòrò sí i torí òórùn, á pa gbogbo wọn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì kún dé ẹnu ọ̀nà sókàwéè. Ìgbà náà ni wọn yóò pè ọ́ pé ilẹ̀ kò fa omi mọ́. Ilẹ̀ kọ́. Sọ fún wọn lọ́jọ́ tí o bá fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, kí o sì kọ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kí o tó fi iye mítà sí ìwé, gbẹ́ ihò ìdánwò, bu omi sí i, fi aago wo bó ṣe ń fà. Gbẹ́ ẹ lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ilẹ̀ pupa òkè Ìkòròdú àti ilẹ̀ àbàtà Májídun kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń bọ̀ wá pàdé rẹ ní mítà kan, sókàwéè kò yẹ níbẹ̀ rárá, ẹnikẹ́ni tó bá sì bá ọ jiyàn, ní kí ó wá wo ihò náà lẹ́yìn òjò.

Kí la ó ṣe níbẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi nìyí, nítorí náà má bínú bí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀. Jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní táǹkì tirẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ dáadáa, tí kò jò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò dúró síbẹ̀. Omi tó ti sílẹ̀ nìkan ni kí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ gbé lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí o ti tẹ́ ibùsùn òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí o gbin eèsún lé e lórí, tí o sì fi nǹkan tí kò jò tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Omi náà yóò máa gba àárín òkúta kọjá díẹ̀díẹ̀. Àwọn kòkòrò ara òkúta àti gbòǹgbò eèsún yóò máa jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Kò fẹ́ iná mànàmáná, kò fẹ́ dísù. Ohun tó fẹ́ ni ilẹ̀, àti ẹni tí yóò máa gé eèsún. Ilẹ̀ yẹn lọmọ onílẹ̀ kì í fẹ́ kó lọ. Lọ bá Baálẹ̀ kí o tó ya àwòrán.

Ìkẹyìn lórí èyí: nígbà tí ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́ bá wá fa táǹkì, bi awakọ̀ ibi tó ń dà á sí. Bí kò bá dá ọ lóhùn, o ti gbọ́ èsì. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tí mo mọ̀ tó wà fún omi ìdọ̀tí, bíi ti Àbẹ̀sàn, Òkè-Àfà àti Alausa, jìnnà sí wa, dísù sì wọ́n. Odò kò jìnnà.

8. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ihò nítorí ohun tó já sínú rẹ̀.

Súmò já, tàbí fóònù já, tàbí wọ́n fẹ́ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga. Ẹnì kan wọlé, ó ṣubú. Àbúrò rẹ̀ ní òun ń lọ gbé e, òun náà ṣubú. Aládùúgbò tí àánú ṣe tẹ̀lé wọn. Irú ìròyìn yìí kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Afẹ́fẹ́ inú ìgbẹ́ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ gan-an, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí o rò pé ó ti lọ ló ń pa ọ́. Àwọn kan tún máa ń sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò níbi tí yóò gbà jáde, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní jáde.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ sínú kànga. Bí ó bá kú, wọn kì í wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n àtùpà kò mọ gbogbo afẹ́fẹ́ olóró, nínú sókàwéè ẹ̀wẹ̀, ó lè gbiná. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni kí o rà. Fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sínú ihò, so okùn mọ́ àyà ẹni tó ń wọlé, kí ẹni méjì dúró lókè di okùn náà mú. Bí o kò bá ní àwọn nǹkan wọ̀nyí, fóònù náà ti lọ.

9. Sọ̀rọ̀ owó kí omi tó jáde.

Ọ̀rọ̀ owó omi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dájà sílẹ̀. Ní 1908, nígbà tí ìjọba òyìnbó ń múra láti gba owó omi lọ́wọ́ ará Èkó, ariwo sọ; ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa fi dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Ènìyàn ní kànga nílé, kí ló dé tí yóò fi sanwó omi? Ìbéèrè yẹn ṣì ń dúró dè ọ́ ní Òdógùnyàn, ó ń dúró dè ọ́ ní Ìtòìkín.

Bọ́hóòlù olóṣèlú kún ilẹ̀ yìí. Orúkọ ọ̀gá náà ṣì ń dán lára táǹkì, omi inú rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ ló gbẹ. Súmò ló jóná, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò ra òmíràn. Nítorí náà, níwájú gbogbo wọn, kí àwọn obìnrin wà níbẹ̀, ṣírò iye tí súmò tuntun jẹ́, owó iná, kiloríìnì, owó ẹni tó ń ṣọ́ ọ, owó ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́. Pín in sí iye garawa. Jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí títí di alẹ́. Béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ pàápàá, níbi tí Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé pọ̀ láti ayé Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó, ibi tí o gbé ẹnu ẹ̀rọ sí lè pa ìlú pọ̀, ó sì lè tú u ká. Má dá a yàn.

10. Òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọ lówó kí o lù ú sórí àwòrán tí o kò rí ilẹ̀ rẹ̀, sìn ín dé géètì. Fi orúkọ bọ́hóòlù tí o bá gbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASWARCO, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ omi.

11. Ní ibi tí ilé kò tíì sí, dé ibẹ̀ kí ilé tó dé.

Láti Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́, gba Agbọ̀wà àti Ẹ̀jìnrìn, igbó ń di pílọ́ọ̀tì lójoojúmọ́. Ìwé ìpolówó wọn ń sọ̀rọ̀ géètì, ojú ọ̀nà, pápá ìṣeré. Omi? Wọ́n ní onílé kọ̀ọ̀kan yóò gbẹ́ tirẹ̀. Ìdọ̀tí? Kò sí nínú ìwé rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi nínú ìkìíní ti lè ní àtúnṣe pátápátá nìyí, nítorí kò tíì sí sókàwéè kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ láti ya ilẹ̀ náà, ní kí wọ́n fi pílọ́ọ̀tì méjì sílẹ̀ lápá òkè fún omi àti mẹ́ta lápá ìsàlẹ̀ fún ìdọ̀tí kí wọ́n tó ta ẹyọ kan. Wọn yóò ní owó lò ń jẹ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Fi ìṣirò mítà 30 hàn wọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀, kọ iṣẹ́ náà. Mo kọ méjì, n kò kú.

12. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé kankan tó sọ fún mi bí abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò kan ṣe rí. Gbogbo ẹni tó ti gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú mi ló mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ. Láti ọjọ́ kànga tí mo fi kọ́ǹkéré dí yẹn ni mo ti ń kọ tèmi: ibi tí kànga wà, bó ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ tí a bá pàdé ní mítà kọ̀ọ̀kan, ibi tí ojú omi wà lóṣù kejì àti lóṣù kẹsàn-án, bó ṣe kan tó, bó ṣe níyọ̀ tó, àti bí sókàwéè tó sún mọ́ ọn jù ṣe jìnnà sí i tó, ti onílé àti ti aládùúgbò.

Bẹ CDA tí o bá bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n ra ìwé kan fún èyí, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wọn, kí ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ tẹ̀lé ọ lè kà á kí ó tó lu ilẹ̀. Tèmi mẹ́ta ló wà nílé, láti Májídun dé Agbọ̀wà. Ẹni tó bá fẹ́ dà wọ́n kọ, kó wá. Kó mú bírò tirẹ̀ dání.